Ògógóró àti Sínáàpù: Bí Òfin Ṣe Kọ́ Ahọ́n Ní Adùn

Bí a bá ka ìwé ẹrù ìdána ní ìlú Yorùbá kan lónìí, ìbáà ṣe ní Ìjẹ̀bú, ìbáà ṣe ní Ẹ̀gbá tàbí ní Èkìtì, a óò rí i pé lẹ́yìn obì, orógbó, ataare, oyin àti iyọ̀, ọtí kan wà tí a kì í gbàgbé láti kọ sílẹ̀. Ọtí náà ni sínáàpù, ọtí inú ìgò onígun mẹ́rin. Òun kan náà ni a fi ń tọrọ ilẹ̀, òun ni a fi ń bẹ àgbà tí inú ń bí, òun ni a sì ń ta sílẹ̀ fún àwọn tí ó ti lọ. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn lè búra pé láti ayé Odùduwà ni sínáàpù ti wà nílé. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ Họ́láǹdì ni ó ti wá, èso igi kan tí kò hù rí ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó sì fún un ní òórùn. Ọtí líle tí a ń sè láti inú ẹmu ilẹ̀ yìí, tí ó ń rùn bí àbàtà Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ tí a bí i sí, òun ni a fi orúkọ ìtìjú pè, òun ni ọlọ́pàá lé wọ inú igbó. Bí àlejò ṣe di onílé, tí onílé sì di ìsáǹsá, kì í ṣe ọ̀ràn ahọ́n nìkan. Ọ̀ràn òfin ni, ọ̀ràn owó ibodè sì ni pẹ̀lú.

Kí ọtí òkè òkun tó dé, àwọn Yorùbá kò ṣe aláìní ọtí. Ẹmu ń bẹ láti ara ọ̀pẹ, ògùrọ̀ ń bẹ láti ara igi àbàtà tí ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ń bẹ láti ara àgbàdo, ọtí ọkà bàbà ń bẹ ní ìhà òkè, àgàdàgídí sì ń bẹ láti ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó pọ́n. Gbogbo ìwọ̀nyí, kíkan ni ó ń sọ wọ́n di ọtí. Iná kò ní iṣẹ́ kan níbẹ̀ ju kí ó se ọkà lọ. Ahọ́n àwọn àgbà sì mọ ìyàtọ̀ dáadáa. Ẹmu àárọ̀ dùn, ọmọdé pàápàá lè tọ́ ọ wò. Ẹmu ọ̀sán ti ń ta lẹ́nu. Ẹmu àná ti kan, ẹni tí ó bá sì mu ún gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òun yóò sùn. Ìkìlọ̀ nípa ọtí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu òyìnbó jáde: ìtàn Ọbàtálá, ẹni tí a rán wá dá ilẹ̀ ayé tí ẹmu sì pa á tí ó fi sùn lọ, ti wà lẹ́nu àwọn àgbà tipẹ́tipẹ́, àwọn olùsìn rẹ̀ sì fi ẹmu ṣe èèwọ̀ títí di òní.

Ọtí tí a fi iná sè, tí oru rẹ̀ sì tún di omi, kò sí nínú ìwọ̀nyí. Ojú òkun ni ó gbà wọlé. Ní ayé òwò ẹrú, ọtí ìrèké wà lára ohun tí àwọn oníṣòwò fi ń ra ènìyàn ní Àgbádárìgì àti ní Èkó, bí tábà ilẹ̀ Brazil ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí òwò ẹrú kú, tí epo pupa àti ekuro gba ipò rẹ̀, ọtí kò bá a kú. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, àwọn ọkọ̀ ojú omi ń kó ọtí láti Hamburg ní Jámánì àti láti Rotterdam ní Họ́láǹdì wá sí ọ̀sà. Ti Hamburg, ọ̀dùnkún òyìnbó ni a fi sè púpọ̀ nínú rẹ̀; ó pọ̀ bí omi òjò, ó sì pọ́ọ́kú. Ti Họ́láǹdì ni jíìnì tí a ń sè ní Schiedam àti agbègbè rẹ̀ láti inú ọkà, tí a sì ń fi èso igi júnípà sí kí ó lè ní òórùn. Orúkọ Henkes wà lára àwọn orúkọ tí ó mọ́ àwọn ará etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lára jùlọ.

Èso júnípà yìí kò jọ ohunkóhun nínú oúnjẹ Yorùbá. Òórùn rẹ̀ dà bí ti oje igi, a máa tutù díẹ̀ lẹ́nu kí gbígbóná ọtí tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá ṣe pé ahọ́n nìkan ni ó ń yan ọtí fún ènìyàn, kò dájú pé irú èyí ni ì bá borí. Ohun tí ó ràn án lọ́wọ́ ni ìgò. Ìgò náà ní igun mẹ́rin kí ó lè tò nínú àpótí láì fi àyè ṣòfò. A ti dí i lẹ́nu, a sì ti tẹ orúkọ ẹni tí ó sè é sí i lára. Ẹni tí ó rà á ní Ìbàdàn mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń mu ní Èkó gan-an ni òun náà fẹ́ mu. Oníṣòwò tí ń bu omi lu ọtí inú àgbá kò rí ọ̀nà àtibu omi lu ti inú ìgò bẹ́ẹ̀. Ní ìlú tí ọba àti àwọn ìjòyè ń gba àlejò lójoojúmọ́, ẹ̀bùn tí kò ní àbùlà níyì púpọ̀. Báyìí ni sínáàpù ṣe di ọtí ọlá. Nígbà tí ó pẹ́, ó di ọtí ètùtù. Nígbà tí ó tún pẹ́ sí i, a gbàgbé pé ó wọ ọkọ̀ wá.

Ìjọba Èkó kò lè ṣe kí ó má fẹ́ràn ọtí. Owó ibodè ni ó fi ń jẹun, owó ibodè orí ọtí líle ni ó sì tóbi jùlọ nínú rẹ̀. Ìjọba Ẹ̀gbá ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú ń gba owó lórí ọtí tí ó bá wọ ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí ó dé Ìbàdàn ní 1901, tí a ń yìn títí di ìsinsin yìí, owó jíìnì wà lára ohun tí ó gbé ìjọba tí ó là á ró. Àwọn tí ó dìde láti bá òwò yìí jà ni àwọn oníwàásù. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell kọ̀wé, ó sọ̀rọ̀, kò sì dákẹ́. Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson, ẹni tí a bí ní Sàró fún àwọn òbí tí wọ́n jẹ́ ọmọ Yorùbá, bá a gbé e. Ní òkè òkun, àwọn ìjọba Yúróòpù ti pàdé ní Brussels ní 1890, wọ́n sì tún pàdé níbẹ̀ ní 1899 àti ní 1906. Nígbà kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi kún owó ibodè tí ọtí yóò san kí ó tó wọ ilẹ̀ Áfíríkà. Ohun tí a rò pé yóò dín ọtí kù ni ó tún wá ń fi owó kún àpò ìjọba.

Ní 1909, Lọ́ńdọ̀nù rán ìgbìmọ̀ kan wá sí Gúúsù Nàìjíríà lábẹ́ Sir Mackenzie Chalmers láti wádìí ọ̀ràn náà. Ìgbìmọ̀ náà ní àwọn kò rí ẹ̀rí pé ọtí ń ba ìran àwọn ènìyàn ibẹ̀ jẹ́. Inú àwọn oníṣòwò dùn, inú àwọn Bíṣọ́ọ̀bù bàjẹ́. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà ó tọ́ kí a sọ pé àwọn Bíṣọ́ọ̀bù náà kò purọ́ nípa ìyà tí ọ̀mùtí fi ń jẹ aya àti ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba tí ó ń gba owó lórí gálọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan tí ó wọlé kò lè dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láì kọ́kọ́ fi ọwọ́ tọ́ àpò ara rẹ̀ wò.

Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ni ó tú ọjà náà ká, nítorí láti 1914 ọkọ̀ Jámánì kò lè wá mọ́. Nígbà tí ogun parí, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án 1919, àwọn ìjọba tí ó ní ilẹ̀ ní Áfíríkà fi ọwọ́ sí àdéhùn kan ní Saint-Germain-en-Laye lẹ́bàá Paris, pé ọtí pọ́ọ́kú tí a ń kó wá fún òwò kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́. Kì í ṣe gbogbo ọtí líle ni a dè. Èyí tí ó wọ́n lè wọlé bí a bá san owó ibodè rẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé tálákà ni a dè. Jíìnì inú ìgò kò kúrò ní ààfin, kò sì kúrò ní ilé olówó. Ọwọ́ àgbẹ̀ àti apẹja nìkan ni kò tó o mọ́. Iyì rẹ̀ wá pọ̀ sí i, nítorí ohun tí apá ń ká lójoojúmọ́ kọ́ ni a fi ń bu ọlá fún bàbá ńlá ẹni.

Àìrówóná tí ó bá gbogbo ayé láti 1929 ni ó bí ìpín kejì ìtàn yìí. Owó epo pupa àti ti kòkó já wálẹ̀, owó ibodè jíìnì kò sì já pẹ̀lú rẹ̀. Láti nǹkan bí 1930 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ pé àwọn ará Gúúsù Nàìjíríà ti ń sè ọtí líle fúnra wọn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, etí omi ni iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀, ní ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ ní agbègbè Òkìtìpupa, àti ní ìhà ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú. Ibẹ̀ ni igi ògùrọ̀ pọ̀ sí, omi tútù kò sì wọ́n níbẹ̀. Ọlọ́pàá kò sì lè dé ibẹ̀ láì wa ọkọ̀, ẹni tí ó bá sì ń wa ọkọ̀ bọ̀ nínú àbàtà, a ti gbúròó rẹ̀ kí ó tó yọ.

Iṣẹ́ náà kò ní awo púpọ̀ nínú. A óò gba ògùrọ̀ jọ, a óò jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí adùn rẹ̀ yóò fi tán, nítorí adùn náà ni ó ń di agbára. A óò dà á sínú dúrọ́ọ̀mù irin, a óò dí ẹnu rẹ̀ pinpin, a óò sì dáná igi sí abẹ́ rẹ̀. Páìpù bàbà kan yóò jáde ní orí dúrọ́ọ̀mù náà, yóò sì gba inú ọpọ́n tàbí inú ògbólógbòó ọkọ̀ tí ó kún fún omi tútù kọjá. Ọtí a máa yára hó ju omi lọ. Oru rẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ gòkè wọ inú páìpù, òtútù a mú un níbẹ̀, a sì máa kán tó, tó, tó, sínú ìgò ní ìdí kejì. Èyí tí ó kọ́kọ́ kán a máa gún imú, àwọn tí ó gbọ́n kì í mu ún. Ti àárín ni ó dára. Ti ìkẹyìn ti rọ̀, ó sì kan díẹ̀. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun pààrọ̀ ìgò, kò sì sí ìwé tí ó kọ́ ọ. Imú àti ahọ́n rẹ̀ ni ó kọ́ ọ. Kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn agbára ọtí. Ìgò ni ó ń mì. Bí ìfófòó tí ó yọ bá pẹ́ kí ó tó túká, ọtí náà le. Bí ó bá túká kíá, omi ti pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn mìíràn a máa ta díẹ̀ sílẹ̀, wọn a ṣáná sí i, wọn a sì wo bí ó ṣe ń jó.

Ògógóró ni àwọn Yorùbá pe ọtí yìí. Ní ìlà-oòrùn wọ́n ń pè é ní káìn-káìn, àwọn mìíràn ń pè é ní omi Sapele. Ohun tí a bá ń fi pamọ́ ni a máa ń dá àpèlé fún, àpèlé ògógóró sì pọ̀ ju ti ọtí mìíràn lọ. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ti fi òfin dẹ́rù bà, ọwọ́ tí ó bá rí ni yóò fi júwe.

Ẹ̀sùn tí ìjọba fi kan ọtí náà ni pé májèlé ni. Wọ́n ní ìpẹtà bàbà àti òjé ń ti ara páìpù wọ inú rẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí páìpù tí a bá fi òjé lẹ̀ lè ba ọtí jẹ́. Ṣùgbọ́n ìkòkò bàbà ni àwọn tí ń sè wísíkì ní òkè òkun pẹ̀lú ń lò, kò sì sí ẹni tí ó pe tiwọn ní májèlé. Bí ó bá ṣe pé ìlera àwọn ènìyàn ni ó ń da ìjọba láàmú, ì bá kọ́ wọn ní irú páìpù tí ó yẹ, ì bá sì máa yẹ ọtí wọn wò. Kò ṣe èyí. Ọlọ́pàá ni ó rán, kí wọ́n fọ́ dúrọ́ọ̀mù, kí wọ́n kó àwọn tí ń sè é lọ sí kóòtù. Ìgò tí a bá sè ní Òkìtìpupa kò mú kọ́bọ̀ kan wá sí ibodè Èkó, ibi tí bàtà ti ń ta ìjọba lẹ́sẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ọ̀nà mìíràn sì wà, kò jìnnà sí Gẹ̀ẹ́sì; nínú ilé ara rẹ̀ ni ó wà. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, àwọn òkè Skọ́tíláǹdì rí gẹ́gẹ́ bí àbàtà Òkìtìpupa ṣe wá rí lẹ́yìn náà. Owó orí ọtí ga, òfin kò sì fi ojú rere wo ìkòkò kékeré. Nítorí náà àwọn àgbẹ̀ ń sè wísíkì wọn nínú àfonífojì ní òru, wọ́n sì ń gbé e gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí ìlú. Ọkà báálì ni wọ́n fi ń ṣe é. Iná tí wọ́n fi ń yan ọkà náà, ilẹ̀ àbàtà gbígbẹ ni, tí a gé bí bíríkì. Èéfín rẹ̀ a wọ inú ọkà lọ, a sì tẹ̀ lé ọtí dé ẹnu. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó ní ìwé àṣẹ ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ náà ń kánjú sè tiwọn nítorí bí a ṣe ṣètò owó orí wọn, ọtí wọn kò sì dára tó ti inú igbó. Àwọn ọlọ́lá mọ èyí. Nígbà tí Ọba George Kẹrin lọ sí Edinburgh ní 1822, ìtàn sọ pé wísíkì Glenlivet ni ó béèrè fún, bẹ́ẹ̀ ọtí tí òfin ọba fúnra rẹ̀ dè ni.

Ní ọdún kejì, ní 1823, wọ́n yí òfin padà. Ẹni tí ó bá san £10 lọ́dún, tí ìkòkò rẹ̀ kò sì dín ní 40 gálọ́ọ̀nù, lè gba ìwé àṣẹ. A sì dín owó orí kù tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí èrè púpọ̀ mọ́ nínú fífara pamọ́. George Smith gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní Glenlivet ní 1824. Inú bí àwọn aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n ṣì ń sè ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n ní àwọn yóò sun ilé-iṣẹ́ rẹ̀ níná, ó sì di ẹni tí ń gbé ìbọn ìléwọ́ méjì kiri. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ púpọ̀ kí àwọn ìkòkò òru náà tó tán nílẹ̀. Nígbà tí ó yá, ní 1915, òfin mìíràn jáde pé wísíkì kò gbọdọ̀ dé ọjà láì lo ọdún méjì nípamọ́. Ní 1916 a sọ ọ́ di ọdún mẹ́ta. Àwọn tí ń tọ́ wísíkì wò lónìí a máa yìn ín fún òórùn igi, fún adùn bí oyin, fún bí kì í ṣe gé ọ̀fun, bí ẹni pé òkè Skọ́tíláǹdì fúnra rẹ̀ ni ó ń sun ọtí náà jáde. Ilẹ̀ ni ó ni èéfín. Òfin ni ó ni ọdún mẹ́ta inú àgbá igi.

Kò sí bí àwọn aláṣẹ Èkó ì bá ti ṣe aláìmọ ìtàn yìí. Wísíkì náà gan-an wà lórí tábìlì wọn ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tí a fún àgbẹ̀ Skọ́tíláǹdì ni a fi du apẹja Ìlàjẹ, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin: àgbẹ̀ Skọ́tíláǹdì ní aṣojú nínú ilé ìgbìmọ̀ tí ń ṣe òfin, apẹja Ìlàjẹ kò ní.

Àwọn aládùúgbò pẹ̀lú rí irú rẹ̀. Ní Dahomey, tí ń jẹ́ Benin láti 1975, sodabi ni orúkọ ọtí yìí, orúkọ ìdílé kan sì ni. Ìtàn ibẹ̀ sọ pé ọmọ ilé náà kan tí ó ti ṣe ọmọ ogun Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ni ó kọ́ iṣẹ́ náà wálé. Faransé fi òfin dè é bí Gẹ̀ẹ́sì ti de ògógóró, àwọn ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ sì ń mu ún síbẹ̀. Ní Ghana, akpeteshie ni. Lẹ́yìn òmìnira 1957, ìjọba Kwame Nkrumah jẹ́ kí ó jáde sí gbangba. Nàìjíríà kò yára bẹ́ẹ̀. Òmìnira dé ní 1960, òfin ọtí tí òyìnbó ṣe sì jókòó sí ipò rẹ̀. Sínáàpù ni ó kọ́kọ́ gba ìwé ọmọ onílùú, nítorí a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Nàìjíríà níhìn-ín, Seaman's Schnapps sì gba ipò Henkes ní ọ̀pọ̀ ojúbọ àti ní ọ̀pọ̀ ilé ìyàwó.

Báwo wá ni ògógóró fúnra rẹ̀ ti rí lẹ́nu? Èyí tí a sè láti inú ògùrọ̀ gidi, òórùn ẹmu tí ó ti kan díẹ̀ ni a máa kọ́kọ́ kí imú. Bí ó bá dé ahọ́n, adùn fẹ́ẹ́rẹ́ kan a ṣáájú, èéfín iná igi a tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni gbígbóná yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àyà. Èyí tí a fi ṣúgà sè nígbà tí ògùrọ̀ bá wọ́n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ: ó gbóná, ó tán. Ibi tí ọgbọ́n Yorùbá ti fi ara hàn jùlọ nínú ọ̀ràn yìí ni egbò. Wọn a máa ki gbòǹgbò, èèpo igi àti àwọn èso olóòórùn sínú ìgò, wọn a da ògógóró lé e lórí, wọn a sì fi í sílẹ̀ títí ọtí náà yóò fi pọ́n tàbí tí yóò fi dúdú. Àwọn oníṣègùn ti mọ̀ tipẹ́ pé ọtí líle ń fa ohun tí omi fi sílẹ̀ nínú egbò jáde. Èyí tí wọ́n ṣe fún jẹ̀dí-jẹ̀dí a máa korò, a sì máa ta lẹ́yìn ahọ́n; èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ̀yìn dídùn a máa gbóná bí ata ilẹ̀. Àwọn Skọ́tíláǹdì fi ọtí sínú igi, àwọn Yorùbá fi igi sínú ọtí. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ti ara èyí gba gbogbo ìwòsàn tí àwọn tí ń tà á ní gáréèjì ń kéde gbọ́. Pàrágà tí awakọ̀ mu ní àárọ̀ kì í wo ẹ̀yìn rẹ̀ san kí ó tó ti ojú rẹ̀ bọ òkùnkùn. Ṣùgbọ́n bí adùn ni a ń sọ, kò sí ọtí mìíràn ní ilẹ̀ yìí tí a ti fi iṣẹ́ ọwọ́ sọ di oríṣiríṣi tó bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kẹrin 2015, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní àárín ilẹ̀ Ìkálẹ̀ gan-an. Orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ṣú, púpọ̀ nínú wọn kò sì lò ju ọjọ́ kan lọ. Ó lé ní ènìyàn 15 tí ó lọ. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ni ó ń bínú nítorí pé a wọ ojúbọ rẹ̀ láìyẹ. Àwọn mìíràn ní oògùn tí a fi ń pa koríko oko ni. Nígbà tí àyẹ̀wò dé, methanol ni a rí. Ní àárín oṣù díẹ̀ kan náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn tún kú bẹ́ẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ìjọba àpapọ̀ sì kéde ní ọdún náà pé kí a má ta ògógóró mọ́.

Methanol jọ ọtí lójú, ó jọ ọ́ ní imú, ṣùgbọ́n inú ara ènìyàn a máa sọ ọ́ di májèlé tí ń fọ́ ojú tí ó sì ń pani. Èyí tí ó ń ti inú ẹmu jáde kò tó ohun tí ń pa ènìyàn lójijì bẹ́ẹ̀. Kẹ́míkà ilé-iṣẹ́ ni, ẹni tí ó bá fẹ́ èrè kíákíá sì lè fi lu ọtí. Ohun tí ó mú kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí àyè ni a gbọ́dọ̀ wá lọ sẹ́yìn, sí àwọn ọdún 1930. Ìgò sínáàpù ní orúkọ lára. Bí ó bá pa ènìyàn kan, a mọ ilé tí a óò lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ògógóró kò ní orúkọ lára, nítorí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó bá kọ orúkọ rẹ̀ sí i ti kọ̀wé pe ọlọ́pàá wá sílé ara rẹ̀ ni. Nínú gálọ́ọ̀nù ṣíṣí ni ó ń gbé, láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí dé ìdí àga ní ẹ̀gbẹ́ títì. Nígbà tí ikú wọ inú rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè sọ gálọ́ọ̀nù tí ó ti wá. Ìkéde 2015 sì tún lé e padà sí inú igbó kan náà.

Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn kan ní Èkó ti ń rọ ògógóró sínú ìgò tí ó dára, pẹ̀lú orúkọ àti àkọlé lára rẹ̀. Pedro's jẹ́ ọ̀kan nínú irú wọn. Àwọn tí ń mu wísíkì olówó ńlá ni ó ń rà á, wọ́n ń fi imú gbọ́ òórùn rẹ̀ kí wọ́n tó tọ́ ọ wò, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ nípa ẹmu àti nípa èéfín tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Bí àkọlé náà yóò ti dé ọwọ́ ẹni tí ń dáná sí abẹ́ dúrọ́ọ̀mù ní àbàtà, kò tíì hàn. Ní ìhà Òkìtìpupa, àwọn tí ń rà á ní gálọ́ọ̀nù kò dúró de àkọlé kankan. Wọ́n ṣì ń mì í, wọ́n sì ń wo bí ìfófòó rẹ̀ yóò ti pẹ́ tó.